Epìyà Inú Gíláàsì Kọmlan

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kí ènìyàn kọ́, mo ti gbọ́ yín. Mi ò ní sọ pé kí ẹ kọ́ tèmi dandan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fọ́tò ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi yà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ní Ṣábẹ̀ yìí, láti àdúgbò Plátò títí dé ìdí àwọn òkè, ilé tí ẹ bá wọ̀ tí ẹ ò bá ojú ẹnì kan tí mo yà lára ògiri, ẹ wá sọ fún mi, kí n lọ wo irú ilé tó jẹ́. Tí ẹ bá béèrè Filomẹ́nì, wọ́n lè má dá a mọ̀. Tí ẹ bá ní Ìyá Oní-fọ́tò, ọmọ kékeré á mú yín délé mi.

Wọ́n ní fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wo ló gbà? Ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ lọ ya ẹja tó wà nínú àpótí gíláàsì fún mi. Ojú ara yín lẹ máa bá nínú fọ́tò náà, pẹ̀lú eyín yín níta, ẹja á wá dà bí ẹrẹ̀ lẹ́yìn yín. Èmi ti yà á, nígbà tí fíìmù wọ́n bí ojú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tò ó bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Ràímì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mùsùlùmí tó ti dé Ṣábẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, yàrá iwájú ilé bàbá mi ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo ní fọ́tò ni mo fẹ́ kọ́, ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ní aṣọ rírán ni iṣẹ́ obìnrin, ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tí oògùn fọ́tò ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀? Bàbá mi ní kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Owó tí wọ́n san kò kàn yín.

Háà, Ọ̀gá Ràímì le! Ọdún tí mo kọ́kọ́ lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Gíláàsì ni mò ń nù: gíláàsì fèrèsé, gíláàsì férémù, gíláàsì tí a ń sá fọ́tò tútù lé. Tí mo bá nù ún tán, á gbé e sí oòrùn, á dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa wò ó.

"Fìló, ìka ta nìyí?"

"Ìka mi ni, Ọ̀gá."

"Ṣé ìka rẹ ni oníbàárà wá yà?"

Màá tún un nù. Kì í na ènìyàn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ju ẹgba lọ. Tí o bá wúkọ́ nígbà tó ń ya oníbàárà lọ́wọ́, ìta lo máa wà títí oòrùn á fi wọ̀. Ó kọ́ mi láti dúró jẹ́ẹ́, kí n dá èémí mi dúró kí n tó fi ìka tẹ ẹ̀rọ. Mo bú u nínú ikùn mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lónìí tí mo bá ń gbàdúrà, lẹ́yìn orúkọ àwọn òbí mi, tirẹ̀ ló kàn.

Ìgbà Refolúṣọ̀n ni Ọ̀gá tú mi sílẹ̀ tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Ẹ ò mọ ìgbà yẹn. Àwọn ṣójà ló ń ṣèjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, gbogbo wa sì di kamaradi, ẹlẹgbẹ́ ara wa, àgbà àti ọmọdé. Bàbá àgbà mi, tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, wọ inú ọ́fíìsì kan, ọmọ kékeré tó wà nídìí tábìlì ní, "Kamaradi, ẹ jókòó." Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ fún wa nígbà náà. Fọ́tò káàdì wà, fọ́tò ìpàdé wà. Tí wọ́n bá ń ya àwọn ará ìgbìmọ̀, gbogbo wọn á na ẹ̀ṣẹ́ sókè, èmi á sì pariwo láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ pé, "Kamaradi aláṣọ búlúù, ẹ̀ṣẹ́ yín ti bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn yín o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, màá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rín náà bá ti lọ, torí ìjọba kò fẹ́ ẹ̀rín.

Ní ti ẹ̀rọ, kò sí èyí tí mi ò lò. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń daṣọ dúdú bò ni mo bá lọ́wọ́ Ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ní ojú méjì, tí ẹ máa ń tẹrí ba wò láti òkè. Kékeré tí a ń gbé sí ojú tún dé, fíìmù aláwọ̀ dé tí a ń fi ránṣẹ́ sí Kútọnu, èyí tí kò lo fíìmù rárá náà dé. Gbogbo wọn ni mo kọ́, tí mo sì fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olójú méjì yẹn ni mo fi ya fọ́tò tí inú mi dùn sí jù láyé mi.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kọmlan. Ọmọ etí omi ni, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ló gbé e wá sí ilé iṣẹ́ ṣúgà wa, irin jíjó ló ń ṣe níbẹ̀. Ó fẹ́ Odẹ́tì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ọmọ Adido. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Kọmlan, àmọ́ àárò omi ń sọ ọ́. Ó bá jó irin pọ̀, ó fi gíláàsì sí i, ó fi pọ́tì dí gbogbo ojú ibi tí gíláàsì ti pàdé, ó da omi sí i, ó gbé e sí pálọ̀ níbi tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé rédíò sí. Ó lọ mú epìyà kéékèèké wá láti odò Òkpárá, ó dà wọ́n sínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á wá yọjú lójú fèrèsé: "Kamaradi Kọmlan, ọbẹ̀ lẹ wá ń sìn bí ewúrẹ́ báyìí?" Á kàn rẹ́rìn-ín.

Odẹ́tì lóyún, oyún bọ́. Ó tún lóyún, ó tún bọ́. Bóyá ó padà bímọ tàbí kò bí, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìyẹn, kì í ṣe ti oní-fọ́tò, ẹ má bi mí. Nígbà tí èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn bọ́, ìyá rẹ̀ kó wá láti Adido láti tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Odẹ́tì ń gbá pálọ̀, ó tẹ̀ síwájú gíláàsì. Ó rí àwọn ọmọ ẹja tíntìntín tó yí ìyá wọn ká. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ó wò wọ́n dáadáa, ìyá ẹja la ẹnu, ó sì gbé gbogbo wọn mì.

Igbe tí ìyá náà ké, mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. "Ó gbé wọn mì o! Ọmọ tó fi ikùn ara rẹ̀ bí!" Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹja tó ń jẹ ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ilé tí ọmọ mi ń sùn. Kí lẹ tún ń wá kiri? Kí lẹ tún fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù fún?"

Kọmlan ṣàlàyé títí. Ó ní irú epìyà yìí, ẹnu ló fi ń tọ́jú ọmọ. Tí ẹ̀rù bá bà á, á kó wọn sẹ́nu; tí ewu bá lọ, á tu wọ́n jáde. "Ìyá, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí i." Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbàrà tí ènìyàn bá ti súnmọ́ gíláàsì, òjìji ènìyàn á bọ́ sí omi, ẹja á sì tún kó ọmọ sẹ́nu. Gbogbo ẹni tó wá wò ó, mímì nìkan ni wọ́n rí. Ìyá Odẹ́tì kò ṣe tán láti jókòó wo ẹja kankan pẹ́. Ó ní kí Kọmlan fọ́ gíláàsì yẹn, tàbí kí òun mú ọmọ òun lọ.

Mo pe Kọmlan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ẹja lásán, kí ló dé tí o ò kúkú dà á nù kí ìyàwó rẹ lè jókòó?"

Ó ní, "Fìló, tí mo bá dà á nù, mo ti gbà nìyẹn pé èmi ni mo gbé ohun tó ń pa ọmọ wa wọlé. Odẹ́tì á gbà á gbọ́ títí ayé. Bá mi yà á níbi tó ti ń tu ọmọ jáde. Jọ̀ọ́."

Mi ò ya ẹja rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, Kọmlan fi ìkánjú bà á jẹ́. Ó gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni mo nílò, ó bá lọ yá iná ńlá méjì, ó so wọ́n kọ́ sí òkè gíláàsì. Mo ní, "Kọmlan, wọ́n ti súnmọ́ jù, wọ́n ń gbóná." Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ lo ní o fẹ́, gba ìmọ́lẹ̀." Kò pẹ́ sí i, ẹja kan fò, omi ta sí iná, iná bú gbàù! Gíláàsì tó ti gbóná là láti òkè délẹ̀. Omi ya bo gbogbo ilé. Ẹ̀rọ mi ni mo kọ́kọ́ gbé lé orí, mi ò purọ́. Ẹja ń jà pàtìpàtì lórí sìmẹ́ńtì, Kọmlan wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wá ìyá ẹja, Odẹ́tì sáré gbé bàsíà wá. Abẹ́ àga ni Kọmlan ti rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ẹnu ẹja náà pa dé pátápátá, kò tu ọmọ kankan dànù.

Ìyá Odẹ́tì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo gbogbo rẹ̀. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ọkọ̀ Adido máa gbé èmi àti ọmọ mi. Tó bá ti lọ, kò ní padà wá."

Odẹ́tì sìn mí sọ́nà. A dé ìdí igi máńgòrò, ló bá dúró. "Fìló, ìgbà gbogbo tí mo bá yọjú, mímì ni èmi náà máa ń rí. Mo fẹ́ gba ọkọ mi gbọ́. Àmọ́ tí mo bá gbé ọwọ́ lé ikùn mi báyìí, ẹja yẹn ni mo máa ń rò." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ràímì ni mo gbà lọ. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ náà ń pe ara rẹ ní oní-fọ́tò. Ṣé ẹja mọ̀ pé fọ́tò lo wá yà? Òjìji rẹ ló ń bà á lẹ́rù. Òjìji kan náà ló ń hàn lára gíláàsì tó ń ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Lọ fi ara rẹ pamọ́." Ó ju aṣọ dúdú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí mi. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn yanjú wàhálà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kọmlan gé gíláàsì tó fọ́, ó fi ṣe àpótí mìíràn tó tín-ín-rín láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹja má baà lè sá jìnnà sí wa. Omi tó ti sùn nínú bàsíà ni mo ní kó dà sí i, torí omi tuntun máa ń kún fún ìfófò. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì nínú, mo fi ìyẹ́ adìyẹ nù ún kúrò. Ti ìta, ẹ má bi mí bí mo ṣe nù ún. Ọ̀gá Ràímì ìbá gbé e sí oòrùn, kò ní rí nǹkan kan. A gbé àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kì í ṣe láti ẹ̀yìn mi. Mo ta aṣọ búlúù Odẹ́tì sí ẹ̀yìn àpótí, kí ògiri má hàn. A ti gbogbo ibi yòókù, ọ̀dọ̀ mi ṣú. Mo wá fi aṣọ dúdú ta bí ògiri sí iwájú gíláàsì, mo lu ihò kan fún ojú ẹ̀rọ. Mo ju òkúta funfun kan sí ibi tí mo fẹ́ kí ẹja dúró, òun ni mo fi tún ojú ẹ̀rọ ṣe, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kọjú sí gíláàsì gan-an láìtẹ̀ síbì kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lu ihò kejì.

Odẹ́tì ní, "Ti ta ni?"

Mo ní, "Tìrẹ ni. Wọlé wá jókòó."

A jókòó sábẹ́ aṣọ yẹn, èjìká mi kan tirẹ̀, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Kọmlan wà níta. Ìyá Odẹ́tì wà ní ìdáná, ó ń da ìkòkò rú kí a lè mọ̀ pé inú ń bí òun. Ẹja náà kò wá. Ó wà ní kọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó yá, ariwo ìkòkò dákẹ́, ẹja rọra wẹ̀ wá sí orí òkúta funfun. Mo dá èémí mi dúró. Ó la ẹnu, àwọn ọmọ sì ń tú jáde, bí ìgbà tí ènìyàn bá da ọkà bàbà sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yí fíìmù, mo tún tẹ̀ ẹ́. Èékánná Odẹ́tì wọ ara apá mi, ó ti ki etí aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu kí ó má baà sunkún síta. Ariwo ẹ̀rọ dẹ́rù ba ẹja, ó tún kó wọn sẹ́nu, a tún dúró, ó tún tú wọn sílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí fíìmù fi tán.

Odẹ́tì yọ aṣọ lẹ́nu. "Gbogbo wọn ni, Fìló. Kò jẹ ọ̀kankan." Ó wá sunkún dáadáa.

Èmi fúnra mi ni mo fọ fíìmù náà, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nígbà tí àwòrán ń yọ bọ̀ nínú oògùn, tí mo rí ojú ẹja, ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ojú dúdú àwọn ọmọ tó kéré ju orí abẹ́rẹ́, mo hó yè-é! Mo jó nínú yàrá òkùnkùn yẹn, èmi nìkan. Tí ẹ bá mọ iṣẹ́ yín dé ibi tí ẹ fi lè jó bẹ́ẹ̀, ẹ ti kọ́ iṣẹ́ tó tọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, mo kó fọ́tò náà lọ. Ẹrù ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní níwájú Ìyá Odẹ́tì, mo tò wọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀: ẹnu pa dé, ẹnu là, àwọn ọmọ dé ẹnu, àwọn ọmọ wà níta. Mo ti ń retí oríyìn.

Ìyá náà wò wọ́n. Ó nawọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn tò láti ìdí dé ìbẹ̀rẹ̀. "Wò ó. Ọmọ wà níta níbí. Níbí, wọ́n ti ń wọlé. Níbí, ó ti pa ẹnu dé, wọn ò sí mọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyí? O ṣeun, Fìló."

Gbogbo ìmọ̀ mi, gbogbo gíláàsì tí mo ti nù láyé mi, fọ́tò kò sì lè sọ bóyá wọlé ni tàbí jáde! Mi ò rò ó débẹ̀ rí. Kọmlan di orí mú. Odẹ́tì ní, "Ìyá, mo wà níbẹ̀, ojú mi ló rí i." Ìyá ní, "Ìfẹ́ ọkọ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ." Ó dìde láti lọ gbé ẹrù. Àmọ́ ó ṣì mú fọ́tò tó tóbi jù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹja yìí?"

"Ìyá, kí lẹ rí?"

"Ó ti rù. Ẹ wo ikùn rẹ̀, ó ti wọlé lọ. Orí rẹ̀ ti tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tó ń jẹ ọmọ ṣe máa rí báyìí?"

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ló jẹ́ kí kòtò ikùn ẹja náà hàn kedere. Èmi gan-an kò kíyè sí i, ọmọ nìkan ni mò ń wò. Kọmlan kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, kò jẹun ni. Láti ọjọ́ tó ti kó ẹyin sẹ́nu ni kò ti jẹun. Tó bá gbé oúnjẹ mì, á gbé ọmọ mì mọ́ ọn."

Ìyá Odẹ́tì padà jókòó. "Ebi pa á tó báyìí, ọmọ kún ẹnu rẹ̀, kò sì gbé ọ̀kan mì." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ẹja náà nínú fọ́tò. "Ọdún tí bàbá yín kú, Odẹ́tì, irú ikùn yìí ni mo ní. Ẹ̀yin kò mọ̀. Mo ní mo ti jẹun lóko." Odẹ́tì gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ Adido lójú ọ̀nà, ó fọn ún, ó tún fọn ún, ó lọ.

Ìyá náà dìde, ó ní, "Kí ló máa ń jẹ?" Kọmlan ní ohunkóhun tó bá rọ̀. Ìyá mú ẹ̀kọ àkàsà tó ti fẹ́ jẹ lọ́nà, ó bu díẹ̀, ó lọ síwájú gíláàsì. Òjìji rẹ̀ bọ́ sínú omi, ẹja sáré kó gbogbo ọmọ sẹ́nu lójú rẹ̀. Kò ké lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ṣé èmi ni ò ń sá fún?" Ó rọra fẹ̀yìn rìn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, ó fa Odẹ́tì lọ́wọ́, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ẹnikẹ́ni kò mira. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn jáde lẹ́nu ẹja, Ìyá Odẹ́tì na ọwọ́, ó rún àkàsà sínú omi díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Jẹun wàyí, abiyamọ. Àwọn ọmọ ti wà níta. Jẹun."